Koríko Overton Park: ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún àríyànjiyàn lórí ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí

Ní Overton Park, ní ìlú Memphis ní ìpínlẹ̀ Tennessee, Amẹ́ríkà, pápá koríko gbalasa kan wà tí wọ́n ń pè ní Greensward. Ọgbà ìgbafẹ́ náà fẹ̀ tó éékà 342. Ọdún 1901 ni ìlú ra ilẹ̀ rẹ̀, George Kessler, ọmọ Jámánì tó di gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ yíya àwòrán ọgbà ní Amẹ́ríkà, ló sì ṣètò rẹ̀. Wọ́n dìídì fi Greensward sílẹ̀ láìkọ́lé sí i ni, kí ènìyàn lè tẹ́ aṣọ sílẹ̀ jókòó, kí ọmọdé lè gbá bọ́ọ̀lù, kí ajá lè sáré. Ọgbà ẹranko ìlú bá a pààlà ní àríwá. Láti nǹkan bí ìparí àwọn ọdún 1980, nígbàkígbà tí ilẹ̀ olọ́dà tí àlejò ọgbà ẹranko ń gbọ́kọ̀ sí bá ti kún, orí koríko yìí ni wọ́n ń darí ọkọ̀ tó kù sí. Ọdún 2022 ni wọ́n tó fẹnu kò lórí bí èyí yóò ṣe dópin.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn, ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́, ó dé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú, àwọn ará àdúgbò wọ́de, ọlọ́pàá kó ènìyàn. Gbogbo rẹ̀ lórí koríko. Ẹni tó bá gbọ́ ọ láti òkèèrè lè rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà sí, bẹ́ẹ̀ ló ń hàn sí mi pé koríko kọ́ ló ṣòroó tọ́jú. Ohun tó ṣòro ni pé ilẹ̀ náà jẹ́ ibi ìgbọ́kọ̀sí tí ẹnikẹ́ni kò sanwó kíkọ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wá ibòmíì nígbà tí ọ̀fẹ́ bá ṣì wà nílẹ̀.

Ìjà tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ọgbà ẹranko náà kì í ṣe àjòjì tó kàn wá bá wọn lálejò. Ọdún 1906 ló bẹ̀rẹ̀, láti ara béárì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ Natch, tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù baseball kan, tí wọ́n so mọ́ igi nínú ọgbà ìgbafẹ́ náà. Ó dàgbà láti ibẹ̀. Nígbà tí panda méjì dé láti Ṣáínà ní 2003, ó ti di ọ̀kan lára ibi tí àlejò ń wá jù ní Memphis. Ẹgbẹ́ aládàáni kan, Memphis Zoological Society, ló ń bá ìlú ṣàkóso rẹ̀. Owó ìwọlé àlejò sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń bọ́ ẹranko tí wọ́n fi ń sanwó òṣìṣẹ́, nítorí náà ẹni tó bá dé ẹnubodè tí kò rí ibi gbọ́kọ̀ sí, tó wá yí padà, owó ló bá a lọ.

Àwọn ará àdúgbò náà ní ìtàn tiwọn, ìtàn náà kò sì kéré. Ní àwọn ọdún 1960, ìjọba fẹ́ la òpópónà márosẹ̀ Interstate 40, ọlọ́nà mẹ́fà, gba inú ọgbà náà kọjá. Éékà 26 ni ọ̀nà náà yóò jẹ, yóò sì ya ọgbà ẹranko nípa kúrò lára ọgbà ìgbafẹ́ tó kù. Àwọn aráàlú pe ìjọba lẹ́jọ́. Ní 1971, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Citizens to Preserve Overton Park v. Volpe, ó ní òfin kò gba ìjọba láyè láti fi ọ̀nà la ọgbà ìgbafẹ́ àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn tó ṣeé gbà tó sì mọ́gbọ́n dání. Ọ̀nà náà kò kọjá títí dòní. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òfin ṣì ń ka ẹjọ́ náà.

Mo dúró díẹ̀ lórí èyí nítorí pé ó ṣàlàyé ìdí tí àwọn aráàlú kò fi gbà nígbà tí wọ́n sọ fún wọn pé “ọkọ̀ díẹ̀ lásán ni, lọ́jọ́ díẹ̀.” Ẹni tó ti ṣẹ́gun ìjọba àpapọ̀ ní ilé ẹjọ́ tó ga jù kò ní tìtorí ọkọ̀ àlejò káwọ́ gbera. Ọ̀rọ̀ sì tún le sí i ní 2008, nígbà tí ọgbà ẹranko gé nǹkan bí éékà 4 igbó àtijọ́ tó wà lábẹ́ ìṣọ́ rẹ̀ láti ṣe ibi àfihàn tuntun. Lẹ́yìn náà, ní 2011, ìpínlẹ̀ Tennessee sọ éékà 126 nínú igbó Overton Park di igbó tí òfin ń dáàbò bò. Ẹgbẹ́ mìíràn, Overton Park Conservancy, bọ́ sí ojúṣe àbójútó ọgbà náà fún ìlú ní àsìkò kan náà. Báyìí ni ẹgbẹ́ méjì ṣe di alábòójútó lórí ilẹ̀ tó fara kan ara wọn, tí pápá koríko kan wà láàárín wọn, tí kò sì sí ìwé tó sọ ní pàtó ẹni tó láṣẹ lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá pọ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà náà ti fìdí múlẹ̀.

Ohun tí táyà ń ṣe fún ilẹ̀

Memphis wà lórí erùpẹ̀ kúnná tí afẹ́fẹ́ gbé wá láyé àtijọ́, tó sì kó jọ di òkè létí odò Mississippi. Erùpẹ̀ náà lọ́ràá, ó dára fún ohun ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n tó bá tutù tí ohun wíwúwo sì gorí rẹ̀, kíákíá ló ń kì.

Nínú ilẹ̀ tó dára fún koríko, nǹkan bí ìdajì péré ló jẹ́ erùpẹ̀ gan-an. Ìdajì tó kù jẹ́ àyè wẹ́wẹ́ tí omi àti afẹ́fẹ́ jọ ń pín lò. Inú àyè yìí ni gbòǹgbò ti ń mí, ibẹ̀ náà sì ni omi òjò ń gbà wọlẹ̀. Nígbà tí táyà bá tẹ̀ ẹ́, àyè tó tóbi, tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ló kọ́kọ́ ń bà jẹ́. Omi kò wọlẹ̀ mọ́, ó ń dúró lójú ilẹ̀ di ẹrẹ̀. Gbòǹgbò kò lè lọ sísàlẹ̀, ó ń sá wá sókè. Tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn ló kọ́kọ́ ń kú. Ìdí nìyí tí ibi tí ọkọ̀ dúró sí nígbà tí òjò ń rọ̀ fi lè dà bí ẹni pé ó ti sàn, tí yóò sì wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹni tó ń wò ó kò ní ronú kan ọkọ̀ mọ́. Yóò ní ẹ̀ẹ̀rùn ló pa á.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣètò ọkọ̀ lọ́jọ́ àríyá kì í kà sí: nínú gbogbo ìgbà tí táyà bá gba ojú kan kọjá, ìgbà àkọ́kọ́ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kíkì ilẹ̀ náà. Ìkejì àti ìkẹta ń fi kún un, ṣùgbọ́n wọn kò tó ti àkọ́kọ́. Nítorí náà, ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá pé kí wọ́n tú ọkọ̀ ká gbogbo pápá kí ibì kan má baà jìyà jù, òdìkejì ohun tí wọ́n fẹ́ ló ń mú wá. Gbogbo pápá ni yóò kì. Ó sàn kí ọkọ̀ máa gba ojú ọ̀nà kan náà ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n gbà pé ojú ọ̀nà yẹn ti lọ, kí wọ́n tọ́jú èyí tó kù. Àwọn àgbẹ̀ oníkatakata ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ìtúnṣe wà, àmọ́ kò yá. Ẹ̀rọ tó ń fa erùpẹ̀ jáde ní ihò-ihò ń ṣiṣẹ́ dé ìwọ̀n bí ìka ọwọ́ kan. Ohun tó bá ti kì ní ìsàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ń fẹ́ irinṣẹ́ tó lágbára jù, tí kò ṣeé lò nítòsí gbòǹgbò igi. Irú koríko náà ní tiẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bermuda grass ń nasẹ̀ lórí ilẹ̀, ó lè fúnra rẹ̀ bo ojú tó pá. Fescue ń hù ní ìdì-ìdì, ibi tó bá ti kú, àfi kí wọ́n tún irúgbìn fọ́n. Memphis wà ní agbègbè tí ooru rẹ̀ pọ̀ jù fún koríko ìgbà òtútù bíi fescue, tí òtútù rẹ̀ sì pọ̀ jù fún koríko ìgbà ooru bíi Bermuda, nítorí náà kò sí èyí tí ara rẹ̀ le tán níbẹ̀.

Ti igi ni mo bẹ̀rù jù. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbòǹgbò igi ńlá wà láàárín bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ojú ilẹ̀, ó sì ń nà kọjá ibi tí òjìji ewé rẹ̀ dé. Ọkọ̀ tó sá sábẹ́ igi nítorí òjìji, orí gbòǹgbò ló wà. Ìyà náà kì í hàn lọ́dún yẹn. Ewé orí igi á kọ́kọ́ fọ́nká, ẹ̀ka á gbẹ, lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan igi á kú, wọn á sì ní àrùn ni.

“Ọjọ́ díẹ̀ lọ́dún”

Àríyànjiyàn tí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbọ́kọ̀ sórí koríko máa ń gbé kalẹ̀, ní Memphis àti níbi gbogbo, ni pé ọjọ́ tí ó ń ṣẹlẹ̀ kò pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ní òótọ́ nínú. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ nínú ọdún ni Greensward ṣófo. Àbá tó bọ́gbọ́n mu ni pé kí ìlú má fi ọ̀dà bo ilẹ̀ nítorí ọjọ́ tí kò tó nǹkan. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ibi ìgbọ́kọ̀sí olọ́dà gbòòrò tó èyí tó lè gba ogunlọ́gọ̀ ọjọ́ tí èrò pọ̀ jù lọ.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo ni ọjọ́ díẹ̀ náà? Sátidé ìgbà ìrúwé tí oòrùn là. Ìsinmi ilé-ìwé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni gbogbo ìlú fẹ́ jáde wá jókòó sórí koríko. Ọjọ́ tí ọgbà ẹranko nílò pápá náà àti ọjọ́ tí aráàlú nílò rẹ̀, ọjọ́ kan náà ni. Ẹni tó ní kí wọ́n pín in ní ìdajì ìdajì lórí kàlẹ́ńdà kò tíì ronú débẹ̀. Ọjọ́rú inú òtútù tí wọ́n fi sílẹ̀ fún aráàlú, kò sí ẹni tó ń bá wọn jà á.

Èyí náà ló mú kí àwọn ọgbọ́n tó ń fún koríko lágbára má lè yanjú ọ̀rọ̀ Greensward. Irú wọn pọ̀: àwọ̀n oníke tí koríko ń hù gba inú rẹ̀, bíríkì oníhò, pákó àti pẹpẹ onírọ́bà tí wọ́n ń tẹ́ fún ọjọ́ kan tí wọ́n sì ń kó kúrò. Níbi tó bá yẹ wọ́n, mo fara mọ́ wọn. Tí àríyá bá ń wáyé lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún níbi tí ènìyàn kì í jókòó sí, wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Àmọ́ àwọ̀n ń fẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lábẹ́ kó tó lè gbé ọkọ̀, koríko tó wà lábẹ́ ọkọ̀ lójoojúmọ́ kì í rí oòrùn, pẹpẹ tó bá pẹ́ lórí koríko jù ń sọ ọ́ di pupa. Ká tiẹ̀ ní wọ́n ṣiṣẹ́, ilẹ̀ nìkan ni wọ́n gbà là. Ọmọ tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé ṣì ń bá ọkọ̀ níbẹ̀. Tí wọ́n bá sì ti náwó sí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tán, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni pápá náà yóò máa jẹ́ títí ayé.

Ọdún 2016

Ní 2014, àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí Greensward láti dènà ọkọ̀, wọ́n ń pe ara wọn ní Get Off Our Lawn. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì gbóná tán nígbà yẹn. Ní oṣù kìíní 2016 ló di bí-o-ò-lọ-yà-fún-mi. Ọgbà ẹranko wú igi kéékèèké tó lé ní ogún tí Conservancy gbìn sí etí pápá náà. Àwọn kan ti dáwó fún igi wọ̀nyẹn. Lóṣù yẹn kan náà, ó lọ sí ilé ẹjọ́ kí ilé ẹjọ́ sọ ẹni tó láṣẹ lórí ilẹ̀ náà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú dìbò, wọ́n fún ọgbà ẹranko ní àkóso apá tó pọ̀ jù nínú Greensward. Èrò kún gbọ̀ngàn náà.

Ìbò yẹn kò parí nǹkan kan. Ìwọ́de pọ̀ sí i, ọlọ́pàá mú àwọn kan. Jim Strickland, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìlú lọ́dún náà, dá sí i. Ní oṣù keje, ìgbìmọ̀ aṣòfin fọwọ́ sí àbá rẹ̀: kí wọ́n tún ibi ìgbọ́kọ̀sí olọ́dà tò kó lè gba ọkọ̀ 415 sí i, kí ọgbà ẹranko àti Conservancy jọ gbé owó rẹ̀, kí ìgbọ́kọ̀sí lórí Greensward sì dópin nígbà tí iṣẹ́ náà bá parí. Pápá náà yóò pàdánù etí rẹ̀ kan fún èyí. Àwọn kan bínú, ṣùgbọ́n fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìparí àwọn ọdún 1980, ẹnì kan ti fi iye kan sí orí tábìlì: iye ọkọ̀ tí kò ní àyè, àti iye tí yóò ná wọn láti fún un ní àyè. Kó tó di ìgbà yẹn, owó ìbàjẹ́ koríko kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Kò jọ gbèsè, nítorí náà kò sí ẹni tó rò pé òun jẹ ẹ́.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí yóò sọ fún yín pé nínú títún ilẹ̀ olọ́dà tò, ìwọ̀n kékeré ló ń pinnu ohun ńlá. Tí àyè ọkọ̀ kan bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú sí 20 ní gígùn, ó gba ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 200. Tó bá jẹ́ 9 sí 18, 162 ni. Bí a bá yọ ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà kọjá kúrò, ilẹ̀ tó gba ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ ní ìwọ̀n àkọ́kọ́ yóò gba ohun tó lé ní 120 ní ìwọ̀n kejì. Ìdílé tó kó ọmọ mẹ́ta wá fẹ́ ìlẹ̀kùn tó ṣí gbayawu, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà kan yẹn, ara koríko ni wọ́n ti ń gé e. Ilẹ̀ tí wọn kò fi ilà funfun pín dáadáa sì tún ń fi àyè ṣòfò ju gbogbo ìyẹn lọ.

Àdéhùn mìíràn

Ó yẹ kí iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2016 ti parí láàárín ọdún díẹ̀. Kò parí. Ètò ń yí padà, ọjọ́ ń yẹ̀, ọkọ̀ sì ń gun koríko lọ. Níbi tí àdéhùn bá ti sọ pé àṣà àtijọ́ yóò máa bá a lọ títí iṣẹ́ yóò fi parí, ẹni tí àṣà àtijọ́ ṣe lóore kì í kánjú. Mi ò ní láti fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí ọjọ́ ìdádúró dúró fúnra rẹ̀ nínú ìwé, yálà wọ́n kọ́lé tán tàbí wọn kò kọ́ ọ tán.

Ní 2022, ìlú, ọgbà ẹranko àti Conservancy kéde àdéhùn tuntun. Wọ́n fi fífẹ ibi ìgbọ́kọ̀sí wọ inú Greensward sílẹ̀. Dípò rẹ̀, ọgbà ẹranko yóò sọ ibi tó ń lò fún iṣẹ́ àtúnṣe àti ìkẹ́rùsí ní ẹ̀gbẹ́ North Parkway di ibi ìgbọ́kọ̀sí, wọn yóò sì tún àwọn tó ti wà tẹ́lẹ̀ tò. Éékà 17 igbó àtijọ́ tí ọgbà ẹranko ti fi ọgbà yí ká yóò padà sábẹ́ àbójútó Conservancy, kí gbogbo ènìyàn lè máa wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ kò ní gun Greensward mọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi parí ìjà náà. Ilẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe yẹn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ hù ní 2022. Ó ti wà níbẹ̀ ní gbogbo ọdún tí wọ́n ń sọ pé kò sí ibòmíì. Igbó éékà 17 náà ti wà níbẹ̀. Ìyàtọ̀ ni pé ní 2016, Greensward nìkan ni wọ́n gbé sáàárín, tí ẹgbẹ́ méjì ń fà á mọ́ ara wọn lọ́wọ́, tí ohun tí ọ̀kan bá gbà sì jẹ́ àdánù fún èkejì. Nígbà tí gbogbo ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì wọ inú ìdúnàádúrà, ẹnì kọ̀ọ̀kan rí ohun tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún un tí ó lè fi ṣe pàṣípààrọ̀.

Ohun tó kù kò ní ariwo nínú. Ilẹ̀ tí ọkọ̀ ti tẹ̀ fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kì í tú láàárín ọdún kan nítorí pé wọ́n dá ọkọ̀ dúró; ó ń fẹ́ kí wọ́n máa lù ú ní ihò lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, kí wọ́n máa da ilẹ̀dú sí i, kí wọ́n sì ní sùúrù fún ekòló. Ọ̀rọ̀ àwọn òpópónà tó yí ọgbà náà ká tún wà níbẹ̀, nítorí ọkọ̀ tí kò bá rí àyè nínú ọgbà, iwájú ilé ẹlòmíì ló ń wá.